Bí Àgbà Bá Ṣubú, Á Wo Ẹ̀yìn: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Láti Dáàbò Bo Aláìsàn Lọ́wọ́ Ìṣubú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìwé ọdọọdún wa kì í jáde láìsí ìtàn tí àwọn ẹbí lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń kọ nípa bí àwọn bàbá wa ṣe dé ìdálẹ̀ àti bí ọjà wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, tí ó sì wá ṣubú nígbà tí ó ń lọ tọ̀ lóru.

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ kí aláìsàn rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹgbẹ́ á dáwó, ẹbí á ta ohun tí wọ́n ní, wọ́n á gbé bàbá tàbí ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, dókítà á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wa á dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, a óò gbọ́ pé ó ti ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ibi tí wọ́n rán ti ya, tàbí pé eegun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Owó tí a dá ti ṣòfò, ìrora sì ti di ìlọ́po méjì. Ìbéèrè tí gbogbo ilé máa ń bèèrè nígbà náà kò yàtọ̀: "Ta ló ní kó dìde? Ṣé a kò ní kó máa sùn ni?"

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn. Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà bèèrè irú ìbéèrè yìí rí. Ó sì gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gbà pé "kó máa sùn" yẹn gan-an wà lára ohun tó ń bi àgbà ṣubú. A kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Oníṣòwò ni wá. Ìwé kíkà, àti ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni a fi kó ìtàn yìí jọ.

NÍGBÀ TÍ ÌDÙBÚLẸ̀ JẸ́ OÒGÙN

Ní ọdún 1863, John Hilton, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde lórí ìsinmi àti ìrora. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé nínú ìsinmi ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí eegun tó ṣẹ́ kò lè so bí a bá ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìsinmi di òfin fún gbogbo àìsàn. Ẹni tí wọ́n bá la inú rẹ̀ lè wà lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pàápàá, wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí aláìsàn bá dìde, ojú abẹ á ya.

Ti àgbà tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ lókè níbi ìbàdí ló le jù. Wọ́n á so nǹkan wíwúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó máa fà á, tàbí kí wọ́n fi P.O.P. dì í láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò dìde mọ́. Eegun nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n. Òtútù àyà, egbò ẹ̀yìn, àti ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tó wá gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn wọ̀nyí ló ń parí iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣubú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ dà bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù: bí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, itan àgbàlagbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ti ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ ṣàn wá sí ẹsẹ̀, ara sì gbọ́dọ̀ tètè tì í padà sókè kí orí lè rí tirẹ̀. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, ara rẹ̀ á lọ́ra láti ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣú, ó di ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a fi ìfẹ́ tẹ́ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣubú ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dá dìde. Ó sì dájú pé lọ́jọ́ kan, yóò dá dìde, nítorí ìtọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ ALÁÌSÀN DÌDE

Ní ọdún 1899, Emil Ries, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn obìnrin ní Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé òun ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn òun kúrò lórí ibùsùn láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n bá la inú wọn, ara wọn sì ń yá kíákíá. Díẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ tirẹ̀. Nǹkan bí ogójì ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó rí ẹsẹ̀ dúró.

Ogun ló bá a fìdí múlẹ̀. Láàárín 1939 sí 1945, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ kún ilé ìwòsàn, ibùsùn kò tó, nọ́ọ̀sì kò tó. Ó di dandan kí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tètè dìde kí ẹlòmíràn lè rí àyè. Wọ́n dìde, ojú abẹ kò ya, wọ́n sì tètè lọ sílé ju ti àtijọ́ lọ. Daniel Leithauser, oníṣẹ́ abẹ ní Detroit, kọ̀wé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn pé ọjọ́ kìíní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí aláìsàn ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, Richard Asher, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń tọ́ka sí títí di òní. Ó to ẹ̀yà ara lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ibi tí ibùsùn ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ẹ̀dọ̀fóró, iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ ara, eegun, ìfun, títí kan ọkàn ènìyàn fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí àwọn ìyá wa mọ orúkọ rẹ̀ jù ni Marjory Warren. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìjọba ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn tálákà àti àwọn arúgbó tí kò ní ẹni sí. Ní ọdún 1935, ilé ìwòsàn West Middlesex ní Isleworth, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, gba irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ní kí Dókítà Warren máa bójú tó àwọn tó wà níbẹ̀. Ibùsùn ju 700 lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lórí wọn ti dùbúlẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sì sí ẹni tó bèèrè ìdí tí wọn kò fi dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ fún un. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní aláìlèdìde ni ibùsùn fúnra rẹ̀ sọ di aláìlèdìde. Ó mú kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá rìn. Àwọn tí wọ́n ti gbà pé ibẹ̀ ni wọn yóò kú sí padà sílé. Ó kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà ní 1943 àti 1946. Títí di òní, ìyá ìṣègùn àgbàlagbà ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Orsett, ní ìpínlẹ̀ Essex, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Lionel Cosin ṣe irú rẹ̀ nígbà ogun kan náà: ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn arúgbó tí eegun itan wọn ṣẹ́, ó sì ń rí i pé wọ́n kọ́ ìrìn padà.

IRIN INÚ EEGUN, ÀTI ILẸ̀KÙN TUNTUN FÚN ÌṢUBÚ

Ohun tó jẹ́ kí ti Cosin ṣeé ṣe ni irin. Ní ọdún 1931, Marius Smith-Petersen ní Boston jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ìṣó kan tó ní ìyẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń kàn wọ inú eegun itan tó ṣẹ́ ní ìbàdí kí ó lè dúró pa pọ̀. Ní ọdún 1962, John Charnley, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní Lancashire, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkèé ìbàdí tuntun, onírin àti ike, rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà wá, ẹni tí ì bá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lè dìde dúró ní ọjọ́ kejì.

Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìde nìkan ló lè ṣubú. Ẹni tí eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Ohun tó bì í ṣubú, ì báà jẹ́ ojú tó ṣú, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ tó rọ, wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wá fi iṣẹ́ abẹ kún un: ẹ̀jẹ̀ dínkù, oògùn ìrora ń kùn ún lóorun, oúnjẹ kò wù ú jẹ, oògùn tí wọ́n fi mú un sùn sì lè da ọkàn àgbàlagbà rú fún ọjọ́ díẹ̀, débi pé kò ní mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni òun wà, tàbí kó gbàgbé pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn dìde bí ó ti máa ń dìde nílé rẹ̀.

OKÙN ÀTI IRIN Ẹ̀GBẸ́ IBÙSÙN

Nígbà tí ẹ̀rù ìṣubú dé, ọ̀nà tó yá àwọn ènìyàn lára ni wọ́n tọ̀: wọ́n di aláìsàn mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1965 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìtọ́jú àwọn arúgbó àti tálákà, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà pọ̀ sí i gidigidi. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń fi ìgbànú aṣọ so arúgbó mọ́ àga, wọ́n ń so wọ́n mọ́ ibùsùn, wọ́n sì ń gbé irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sókè tọ̀sán tòru. Wọn kì í ṣe òṣìkà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí arúgbó bá ṣubú, ẹbí á gbé wọn lọ sí kóòtù. Wọ́n gbà pé ẹni tí a so kò lè ṣubú.

Ní ọdún 1987, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin fún àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyí, òfin náà sì fún arúgbó ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má so ó nítorí ìrọ̀rùn àwọn òṣìṣẹ́ tàbí láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1992, Dókítà Mary Tinetti ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ti ṣọ́ àwọn arúgbó 397 ní ilé ìtọ́jú méjìlá ní ìpínlẹ̀ Connecticut fún ọdún kan. Nínú àwọn tí wọn kò so, 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣubú tí wọ́n sì fara pa gan-an. Nínú àwọn tí wọ́n so, 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Lóòótọ́, àwọn tó ti le díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń so. Ṣùgbọ́n wọ́n rò ó mọ́ ọn, síbẹ̀ wọn kò rí i pé okùn dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a so, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ lójoojúmọ́. Bí okùn bá tú lọ́jọ́ kan, kò ní agbára tí yóò fi dúró. Ẹni tí irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, tí ìtọ̀ sì gbọ̀n ọ́n, á gun irin náà kọjá, yóò sì ṣubú láti ibi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

ÀWỌN TÓ KA ÌṢUBÚ

Oníṣòwò mọ̀ pé ohun tí a kò bá kà, a kò lè mọ ibi tó ń jò. Kí àwọn ọdún 1980 tó dé, ọ̀pọ̀ ka ìṣubú àgbà sí àmúwá Ọlọ́run. Àwọn ènìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní 1988, Tinetti yìí kan náà tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà 336 tó ti pé ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé ilé ara wọn ní ìlú New Haven. Láàárín ọdún kan, 108 nínú wọn ṣubú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ó rí i pé bí ohun tó ń dààmú ènìyàn bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú ṣe ń sún mọ́ ọn tó: oògùn oorun, ẹsẹ̀ tó ń dùn, ìrìn tí kò dúró déédéé, iyè tó ń fò. Ní Ibadan náà, nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá léèrè, ó ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún tó ní òun ti ṣubú láàárín ọdún kan. Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan kọ́.

Ní ọdún 1989, Janice Morse, olùkọ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ṣe ìwé ìṣirò kékeré kan tí nọ́ọ̀sì lè parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti ṣubú rí? Ǹjẹ́ àìsàn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ? Kí ló fi ń ti ara rẹ̀ lẹ́yìn bó bá ń rìn? Ǹjẹ́ dírípù wà lára rẹ̀? Báwo ni ìrìn rẹ̀ ṣe rí? Ǹjẹ́ ó mọ ìwọ̀n agbára ara rẹ̀? Ní 1991, àwọn méjì mìíràn ní Montreal ní Kánádà mú ọ̀nà kan wá tí kò gba owó rárá: kí àgbà dìde lórí àga, kó rìn tó mítà mẹ́ta, kó yí padà, kó wá jókòó. Ẹni tó bá ń wò ó pẹ̀lú aago lọ́wọ́ á mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe lágbára sí.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Umeå, ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Láti ọdún 2000 sí 2002, wọ́n pín àwọn aláìsàn 199 sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ti tó ọdún 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn ni eegun itan wọn ṣẹ́ lókè níbi ìbàdí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Apá kan gba ìtọ́jú bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Apá kejì lọ sí wọ́ọ̀dù tí dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń kọ́ni ní ìrìn àti àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ ti ń fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n gbé aláìsàn dìde láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n wò ó bóyá ọkàn rẹ̀ dàrú, wọ́n sì wá ohun tó dà á rú: ṣé ìrora ni, ṣé ìtọ̀ ló há, ṣé ìgbẹ́ ló gan, ṣé oúnjẹ ni kò jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, wọ́n á jókòó lé e lórí, wọ́n á wá ìdí rẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Ní apá àkọ́kọ́, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣubú, ìṣubú wọn sì jẹ́ 60. Ní apá kejì, àwọn méjìlá péré ló ṣubú, ìṣubú wọn sì jẹ́ 18. Láàárín àwọn tí iyè wọn ti ń fò, tí gbogbo ènìyàn á ní ó di dandan kí a so, ìṣubú jẹ́ 34 ní apá kan, ẹyọ kan ṣoṣo ní apá kejì. Kì í ṣe okùn ló ṣe èyí. Ènìyàn ló ṣe é: ènìyàn tó wà nítòsí, tó ń wò, tó ń bèèrè, tó sì ń mú aláìsàn dìde.

ILÉ ÌTỌ́JÚ TIWA

A mọ̀ pé àwọn kan á ní: ìtàn òyìnbó nìyí, àwa kì í kó bàbá wa sí ilé arúgbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé àgbà ẹlòmíràn dìde lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, nígbà tí ìyá tiwọn wà nílé lórí ẹní. Ní Ibadan, ilé ìwòsàn UCH ti ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà láti ọdún 2012. Ṣùgbọ́n Ibadan jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa. Ní ìdálẹ̀, yàrá tí a ń sùn ni ilé ìtọ́jú wa, àwa fúnra wa sì ni nọ́ọ̀sì.

Ní ìlú baba wa, agbo ilé kún fún ènìyàn. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ dìde, ọmọ ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀, aládùúgbò á sáré dé. Ní ìdálẹ̀, ọkọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó wà lọ́jà, àwọn ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún dá wà. A ní kó má dìde títí a ó fi dé. A gbé omi àti oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn. A kò lo okùn, ṣùgbọ́n òfin "má dìde" yẹn, irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni. Ẹsẹ̀ á máa rọ lábẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ á sì dé lọ́jọ́ kan.

Ọ̀wọ̀ tí a ní fún àgbà náà ń dí wa lọ́wọ́. Àṣà wa ni pé àgbà kì í ṣe iṣẹ́ níwájú ọmọ. A kì í fẹ́ kó bu omi, a kì í fẹ́ kó ká aṣọ. Ìwà rere ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún ẹni tó ń ti iṣẹ́ abẹ bọ̀, ìrìn láti ibùsùn dé ojú fèrèsé jẹ́ apá kan oògùn rẹ̀. Àgbà náà ní ìtìjú tirẹ̀: bàbá kò ní fẹ́ jí ìyàwó ọmọ lóru kó wá gbé póò fún òun. Á ní òun á rọra lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣubú ti ń ṣẹlẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún àwọn àgbà wa kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ojú má tì wọ́n.

Kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè: ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Oògùn wo nínú èyí tí ẹ kọ ló lè mú òòyì kọ́ ọ? Nílé, kí ó jókòó ní etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dúró. Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, nítorí iná ìjọba kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ. Ẹ ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tó lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹ nu omi ilẹ̀ balùwẹ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kó wọ̀. Sálúbàtà tó ń yọ̀ kò dára. Kí ìyá má so ìró tó ń wọ́lẹ̀. Lóṣòó lórí ṣáláńgá kò bá ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe mu. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga onihò tó ga. Ẹni tó ń kírun, ẹ̀sìn gbà fún aláìsàn kó kírun ní ìjókòó. Kí ó jẹun dáadáa, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, nítorí ẹsẹ̀ kò lè lágbára lórí ẹ̀kọ nìkan. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan lójijì, ẹ má ní ogbó ni. Ẹ gbé e padà lọ fún dókítà kíákíá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ wa kò kẹ̀rẹ̀ níbi ìbẹ̀wò aláìsàn. Bí ẹnì kan bá ti ilé ìwòsàn dé, ogún ènìyàn á yọ lọ́jọ́ Àìkú, a ó jókòó yí ibùsùn ká, a ó gbàdúrà, a ó fún un lówó, a ó lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ilé á dá páropáro. Ohun tí a ń mú wá síwájú gbogbo ẹ̀ka ni pé kí a tú ìbẹ̀wò náà ká. Dípò kí ogún ènìyàn wá lọ́jọ́ kan, kí ẹnì kan wá lójoojúmọ́ fún ogún ọjọ́, ní àkókò tí ilé bá dá, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí ó má jókòó lásán. Bí dókítà bá ti gbà á láyè, kí ó di àgbà náà mú, kí wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n padà, kí ó ràn án lọ́wọ́ dé ilé ìgbẹ́.

Ìkejì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti fírémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti gbádùn á dá a padà fún ẹlòmíràn. Ìkẹta, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ ìṣubú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, àti ohun tó fà á. Ẹ má fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí a kàn lè mọ ibi tó ń jò. A ó jíròrò àwọn mẹ́ta yìí ní ìpàdé gbogbogbòò wa.

Marjory Warren kò ní oògùn tuntun kankan ní 1935. Ohun tó ṣe ni pé ó dúró níwájú ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè ìdí tí ẹni yìí kò fi dìde, ó sì na ọwọ́ sí i. Àwa tí a wá sí ìdálẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ tí a nà síni jẹ́, torí ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wa dé ibí ni a dì mú tí a fi dúró. Ẹ jẹ́ kí a na irú ọwọ́ kan náà sí àwọn àgbà wa.

Kí Ọlọ́run wo àwọn aláìsàn wa sàn. Kí Ó má jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ kọ. A kò ní ṣubú o. Àṣẹ.